Kpayó lẹ́nu ẹ̀gbọ́n ọkọ mi

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni, mi ò lè pe orúkọ rẹ̀. Ẹ̀sáǹsì, epo ọkọ̀ inú ìgò tí wọ́n ń kó wá láti Nàìjíríà, ló ń tà létí títì ní Savalou, èyí tí gbogbo wa ń pè ní kpayó, ìyẹn ayédèrú. Ṣùgbọ́n lẹ́nu tirẹ̀, kò sí ohun tí kì í ṣe kpayó. Bàtà tó tètè já, kpayó ni. Iṣu tí kò dùn, kpayó. Ìwé kọ́lẹ́ẹ̀jì tí mo kà ní Bantè, kpayó lásán. Á yọ orín lẹ́nu, á ní kpayó ni, á tún ki orín bọnu bí ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ ọgbọ́n.

Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ àkọ́bí mi, òun ni àgbà tó yẹ kó gbé ọmọ kó sì pe orúkọ rẹ̀. Ó wo imú ọmọ, ó rẹ́rìn-ín sí ọkọ mi.

"Àbúrò, ṣé ó dá ọ lójú? Ó jọ pé kpayó ni wọ́n gbé fún ọ."

Ọkọ mi sorí kọ́. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ gbé e fún mi." Mo gba ọmọ mi, mo gbé e fún ìyá ọkọ mi. Ìyá àgbà náà pe orúkọ rẹ̀ ketekete, gbogbo ilé ṣe àmín.

Ọmọ náà ti ń rìn báyìí. Bí bàbá yẹn bá nawọ́ sí i, ẹ̀yìn mi ló ń sá sí. Èmi kọ́ ni mo kọ́ ọ.