Páìpù Inú Ọkọ̀ Bàbá Mi

Màámi ló kọ́kọ́ sọ ìtàn páìpù yìí fún mi, nígbà tí mo ṣì kéré ní Ìperu. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé ọwọ́ tèmi ni yóò parí sí. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀, kí n rò ó fún yín bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Atukọ̀ ni bàbá mi. Bẹ́ẹ̀ ni o, ọmọ Rẹ́mọ tí ilé rẹ̀ jìnnà sí omi! Ó ń kó ẹrù lójú ọ̀sà, inú ọkọ̀ ló ń sùn, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń wálé. Tó bá ń padà lọ, á pọn omi kànga ilé wa kún kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin, ó ní omi ibòmíràn kì í pa òǹgbẹ òun. Inú táǹkì ọkọ̀ ló ń dà á sí, páìpù á wá gbé e dé ẹnu ẹ̀rọ inú yàrá tó ń sùn.

Gbogbo ìgbà tí Màámi bá ní kó mú òun lọ wo ọkọ̀ yìí, èsì kan náà ni: "Jẹ́ kí n tún páìpù omi ṣe ná. Ó ń jò, gbogbo ilẹ̀ ló tutù. Tí ilẹ̀ bá ti gbẹ, wàá wá."

Ọdún ń gorí ọdún. Páìpù wo ni kì í dáa? Àwọn obìnrin àdúgbò sọ ọ́ di yẹ̀yẹ́: "Páìpù ọ̀hún á ti bímọ méjì báyìí!" Màámi á bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín tó mọ sí eyín ni. Títí bàbá mi fi kú, Màámi ò fẹsẹ̀ kan inú ọkọ̀ náà.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀, wọ́n fa ọkọ̀ kúrò lójú omi, ó sì wà lórí búlọ́ọ̀kù nínú ọgbà kan ní Ògijó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lọ́dún yìí la rí ẹni tó rà á. Ó ní Sátidé lòun máa fi tírélà wá gbé e.

Ni Màámi bá ránṣẹ́ pè mí. Ó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún.

"Àjàní, ṣebí iṣẹ́ púlọ́ńbà lò ń ṣe ní Ṣàgámù, àbí o kàn ń gbé àpò irinṣẹ́ kiri ni? Tún páìpù yẹn ṣe kí wọ́n tó gbé e lọ. Mo fẹ́ lọ síbi tí bàbá ẹ pè mí sí."

Mo gbé àpò irinṣẹ́ mi, ó di Ògijó.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi dùbúlẹ̀ nínú ọkọ̀ yẹn. Páìpù onírin ti dípẹtà, ó ń rún lọ́wọ́ bí ìpékeré. Mo gé e, mo ń jù ú síta, mo fi oníke rọ́pò rẹ̀. Mo fọ táǹkì, mo tún pọ́ńpù ọlọ́wọ́ ṣe. Nígbà tí mo dán an wò, kò jò níbì kankan! Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ mọ ayọ̀ yẹn.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo gbé Màámi wá. Kẹ́ẹ̀gì omi kànga kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ nínú mọ́tò. Ó ní òun ò lè lọ síbẹ̀ lọ́wọ́ òfo.

Kò tíì dé ìdí àkàbà tó fi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì páìpù tí mo kó dànù. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú ọ̀kan. Bàbá mi ti fi rọ́bà túùbù kẹ̀kẹ́ wé e, kókó lórí kókó. Mo ti rí i tẹ́lẹ̀, mo tiẹ̀ ti fi ṣẹ̀rín pé iṣẹ́ ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ nìyí. Màámi fi èékánná tú rọ́bà náà. Aṣọ ló wà lábẹ́ rẹ̀, àdìrẹ aláró tó ti ṣá.

"Ìró mi rèé!" ló pariwo. "Ìró tí mo wá tì, tí mo torí ẹ̀ bá ìyá Kafáyá aládùúgbò wa jà ní ẹ̀yìnkùlé, pé òun ló jí i!"

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún.

"Bàbá ẹ ò parọ́ fún mi," ó ní. "Ó ń tún un ṣe lóòótọ́."

Mo dì í mú gun àkàbà. Mo da omi ilé sínú táǹkì, mo fa pọ́ńpù, òun fúnra rẹ̀ ló ṣí ẹnu ẹ̀rọ. Ó bu ife méjì. Ó gbé ọ̀kan síwájú àga bàbá mi tó ṣófo, ó mu tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó wo àga yẹn.

"Ilẹ̀ ti gbẹ," ó ní.

Lọ́jọ́ kejì wọ́n gbé ọkọ̀ lọ. Mi ò fa ìyókù omi náà dànù. Páìpù aláṣọ yẹn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn Màámi títí dòní.

Kí ni mo rí kọ́? Bàbá mi ì bá ti mú un lọ sórí ilẹ̀ tútù yẹn. Ta ló sọ fún un pé Màámi ò ní bọ́ bàtà? Ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀, mo fẹ́ kà á. Àní ìwọ tí ò ń ka èyí, ta lo ní kó dúró dìgbà tí ilẹ̀ bá gbẹ?