Ọjọ́ Tí Odó Wọ Ṣọ́ọ̀ṣì

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìjan-Èkìtì, a kì í béèrè pé ta ló ni orin. Ẹni tó bá ti la ẹnu ló ni ín. Ṣùgbọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì Àládùúrà tiwa, ẹnìkan ló ni èyí tó pọ̀ jù: ìyá arúgbó kan tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa. Ojú àlá ló ti ń gba orin. Bó bá jí láàárọ̀, orin tuntun ti délẹ̀, bí ẹni tí wọ́n fi ẹrù ránṣẹ́ sí. Kò mọ ìwé kankan. Èmi náà tí mo ń sọ ọ́, kíláàsì mẹ́ta ni mo kà kí n tó sá lọ sídìí ọjà, nítorí náà ẹ má rò pé mò ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ohùn rẹ̀ kì í ṣe ohùn dídán tí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí mọ̀. Ó há díẹ̀, bí gààrí tí wọn ò sẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n bó bá gbé orin, obìnrin méjì tó ń bára wọn jà lórí bẹ́ǹṣì kan náà á gbàgbé ìjà wọn títí wọ́n á fi délé.

Ní ọdún kan, ikọ́ mú un, ikọ́ náà ò sì lọ. Àwọn àgbà ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn lójú. Bí ìyá yìí bá kú, orin kú nìyẹn, torí ègbè nìkan ni àwa tó kù mọ̀. Òun nìkan ló mọ àwọn ẹsẹ. Wọ́n bá bẹ ọkùnrin kan ní Adó tó ní ẹ̀rọ tépù tó ń lo bátìrì, pé kó wá gba ohùn ìyá sílẹ̀. Ó ní ọ̀sán Sátidé kan ṣoṣo ni òun ní, torí òun ń kó lọ sí Èkó lọ́jọ́ kejì.

Ọ̀sán náà pé. Gbogbo wa wọ aṣọ funfun. Ọkùnrin oní-tépù ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe mí sókè. Ìyá dìde, ó kọ ẹsẹ kìíní. Ó dé ẹsẹ kejì, ó dákẹ́. Ó tún un bẹ̀rẹ̀, ó tún dákẹ́. Nígbà tó fi máa di ẹ̀ẹ̀kẹta, omi ti lé ròrò sójú rẹ̀. Bàbá wòlíì wa fò dìde, ó ní iṣẹ́ ọ̀tá ni, ó gbé agogo.

Ìyá ní, "Bàbá, ẹ gbé agogo yẹn sílẹ̀. Kò sí ọ̀tá níbí. Ọwọ́ mi ló ṣófo."

Kò yé ẹnikẹ́ni àfi èmi, torí èmi ni mo máa ń bá a gúnyán. Ìyá yìí kì í kọrin lásán nílé. Bí ọmọ odó bá lọ sókè, á gbé orin. Bó bá balẹ̀ gbì, àwa á gbè é. Ẹsẹ kìíní ni ti ìgbà tí iṣu ṣì ní kókó, ẹsẹ kejì ni ti ìgbà tó bá ń lẹ̀ mọ́ odó. Mo bá pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Iyán ni wọ́n fi máa ń kọ ọ́!" Ìyá mi gbá mi létí.

"Ẹ má lù ú," ni ìyá arúgbó wí. "Ẹ bá mi gbé odó ulé mi wá."

"Odó?" Bàbá wòlíì la ojú. "Nínú ilé Ọlọ́run?"

"Iyán tí ẹ jẹ nílé mi lánàá ńkọ́, Bàbá? Ṣé inú agogo yẹn ló ti jáde ni?"

Ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé odó wọlé. Ẹnìkan ní kó kàn máa gún un bẹ́ẹ̀, ìyá wò ó láti òkè délẹ̀: "Kí n máa gún odó lófo bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú?" Ó di dandan kí wọ́n dáná iṣu. Ọkùnrin oní-tépù ń wo aago ọwọ́ rẹ̀, iṣu ò sì mọ̀ pé ẹnìkan ń lọ sí Èkó.

Nígbà tí ìyá wá di ọmọ odó mú, èmi ní apá kejì, ẹsẹ kejì jáde, ẹsẹ kẹta tẹ̀ lé e, orin ń ti orin jáde bí ìjàlọ. Àárín rẹ̀ ni bátìrì fẹ́ kú. Ọkùnrin yẹn yọ ọ́, ó fi eyín tẹ ẹ́, ó dá a padà, a gba èyí tó kẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ló jókòó ti iyán, ẹni tó ń kánjú láti ìgbà tó ti dé. Ìgbà tó tú bẹ́líìtì ni a mọ̀ pé kò kánjú mọ́.

Kí iṣu tuntun tó jáde, ìyá ti lọ.

Kásẹ́ẹ̀tì náà, tí ìyá fi sílẹ̀ fún mi, ṣì wà ní ìsọ̀ mi l'Ọ́jà Ọba ní Adó, lábẹ́ àwọn abọ́ tí mò ń tà. Láìpẹ́ yìí ni àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ọmọ ọmọ mi ní àwọn fẹ́ kọ́ àwọn orin náà. A gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní àdúgbò Adébáyọ̀ kí wọ́n kó o sínú kọ̀ǹpútà. Ọkùnrin ibẹ̀ ní, "Màmá, nǹkan kan ń dún gbì gbì lábẹ́ orin yìí. Ẹ jẹ́ kí n bá yín yọ ọ́, kó lè mọ́."

Mo ní, "Má dán an wò, ọmọ mi. Bó bá jáde, ẹsẹ kejì á tẹ̀ lé e."

Ayé ti yí padà. Èmi náà, ẹ̀rọ ló ń gún iyán mi báyìí. Ó ń kùn lásán, kò gba ègbè, ṣùgbọ́n apá mi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mi ò lè purọ́. Orin tó wà nínú fóònù ọmọ ọmọ mi ju èyí tí gbogbo Ìjan kọ láyé ìgbà yẹn lọ. Bí mo bá ní kó bá mi kọ ẹsẹ kẹta, á ní dátà ti tán.

Ẹ̀yin tí ìyá yín ṣì ń kọrin nídìí ààrò, ẹ gbà á sílẹ̀ lónìí, tòun ti ikọ́ rẹ̀, tòun ti ariwo ìkòkò. Bó bá di ọjọ́ ìsìnkú, ohùn ẹ̀yin tí ẹ ń ké nìkan lẹ máa rí gbà sílẹ̀, ìyẹn ò sì dùn ún gbọ́.