Ẹṣin tó Ń Kúnlẹ̀ Kí Mi

Títí di òní, bí mo bá kúnlẹ̀ kí àgbàlagbà, kíá ni mo máa ń dìde. Ìyá mi ti bá mi wí lórí ẹ̀. Wọ́n ní, "Ṣé iná ń jó ẹ lórúnkún ni?" Mi ò lè ṣàlàyé fún wọn pé ẹ̀rù ló ń bà mí, pé bí mo bá pẹ́ nílẹ̀, mi ò ní lè dìde mọ́. Mo mọ̀ pé kò bọ́gbọ́n mu. Mo sì mọ ibi tó ti wá: ara ẹṣin kan ni.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì ni, mo ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ẹran kan ní Festac. Ajá la máa ń rí jù níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí Alájì wọlé, tí wọ́n ní ẹṣin àwọn ń rìn bí ẹni tó mutí yó, ọ̀gá mi wò mí, ó ní, "Ìwọ lo sọ pé ẹran ńlá lo fẹ́ràn. Máa bá wọn lọ." Inú mi dùn, àyà mi sì ń já. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń ṣe mí, méjèèjì máa ń dé pọ̀ ni.

Ará Ìsẹ́yìn ni Alájì. Wọ́n ń ta mílíìkì, ṣúgà, ọṣẹ àti bísíkíìtì ní Apple Junction, wọ́n sì so ẹṣin pupa kan sí ilẹ̀ tí wọ́n mọ ògiri yí ká lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Bó bá di ọdún Iléyá tàbí Kérésì, àwọn ọmọdé á máa gùn ún. Bàbá wọn náà ti sin ẹṣin rí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ bí a ṣe ń kọ́ ẹṣin láti kí èèyàn. Wọ́n á fi ọ̀pá kékeré kàn án lójúgun, á tẹ ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì, á kúnlẹ̀. Wọ́n á tún fọwọ́ gbá a léjìká lẹ́ẹ̀mejì, á dìde.

"Ẹṣin tí kò lè kí èèyàn," Alájì wí fún mi, "kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ gíga lásán ni."

Mo fà á ní ìrù bó ṣe ń rìn. Ẹṣin tí ara rẹ̀ yá á fa ara rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n èyí ń tẹ̀lé ọwọ́ mi bí aṣọ tí a sá sórí okùn. Nígbà tí a yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, a rí kòkòrò tí ojú lásán ò lè rí, èyí tí eṣinṣin amùjẹ̀ máa ń gbìn sára ẹran. Bó bá pẹ́ lára, á wọ ọpọlọ. Mo fún un lábẹ́rẹ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi ń jẹ koríko tán, tó ń rìn gbọọrọ. Mo délé wa ní Satellite Town lọ́jọ́ náà, mo sunkún ayọ̀ títí tí ìyá mi fi rò pé ẹnì kan kú.

Ọ̀gá mi kìlọ̀ fún mi. "Ó máa ń padà o. Oògùn yìí ń lé e kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ọpọlọ. Nígbàkígbà tó o bá lọ, fà á ní ìrù."

Àràárọ̀ ni mo ń yà síbẹ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Lọ́jọ́ kan, bí mo ṣe kúnlẹ̀ kí Alájì, ẹṣin náà tẹ ẹsẹ̀ iwájú, ó kúnlẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi ọ̀pá kàn án.

"Ẹ wá wò ó o!" Alájì ń rẹ́rìn-ín. "Ó rí Dókítà, lòun náà bá kúnlẹ̀! Ẹṣin mi ti di ọmọ Yorùbá pátápátá."

Obìnrin kan tó ń ra ọṣẹ pòṣé. "Ó mọ ẹni tó gbà á là ni. Àwọn tí mo bí nílé ńkọ́? Wọ́n kàn á ní, 'Màámi, how far.'"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Mi ò fà á ní ìrù lọ́jọ́ náà. Mo fẹ́ sọ òtítọ́: kì í ṣe pé mo gbàgbé. Ìdùnnú náà tóbi jù fún mi ni. Kò sẹ́ni tó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi bẹ́ẹ̀ rí, mi ò sì fẹ́ fọwọ́ ara mi bà á jẹ́. Lọ́jọ́ kejì ó tún kí mi. Ó kí obìnrin tó ra ọṣẹ yẹn. Ó kí ẹnì kan tó ń wa kẹ̀kẹ́ Márúwá. Bí ọjọ́ mẹ́wàá la fi ń pàtẹ́wọ́ fún un.

Lẹ́yìn náà ni mo dé lówùúrọ̀ kan tí mo bá a tó ń kí ògiri.

Mo fà á ní ìrù. Díẹ̀ ló kù kó wó lù mí.

Alájì bọ́ fìlà wọn. "Kì í ṣe pé ó ń kí wa ni, láti ọjọ́ yìí?"

"Rárá, sà. Ó ń ṣubú ni."

"A sì ń rẹ́rìn-ín," wọ́n ní. "Lójú ẹ̀ báyìí."

A tún fún un lábẹ́rẹ́. Ó gbádùn díẹ̀, ìrètí mi tún sọjí, ó sì tún ṣubú. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí kò lè dìde mọ́, àwọn aláàárù mẹ́rin fi okùn gbé e títí ó fi sú wọn. Ọ̀gá mi bá mi wá. Ó wò ó, ó ní abẹ́rẹ́ tó máa fi sùn láìjí mọ́ ló kù.

"Dókítà," Alájì pè mí, "bí a bá ti mọ̀ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ kúnlẹ̀ ńkọ́?"

Mo lè sọ pé kò ní yàtọ̀. Bóyá kò ní yàtọ̀ lóòótọ́.

"Mi ò mọ̀, sà. Ó yẹ kí n ti fà á ní ìrù."

Wọn ò bínú. Ì bá sàn kí wọ́n bínú. Wọ́n kàn jókòó ti orí ẹṣin náà, wọ́n ń gbá a léjìká lẹ́ẹ̀mejì-lẹ́ẹ̀mejì. Etí rẹ̀ ń mì. Mo rí i pé ó gbọ́, pé ó mọ ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Ọwọ́ Alájì ò dúró nígbà tí mo fún un lábẹ́rẹ́ ìkẹyìn, kò sì dúró fúngbà díẹ̀ lẹ́yìn tí etí náà ti dákẹ́.

Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, mo kúnlẹ̀ kí wọn pé ẹ kú àjálù. Mi ò mọ bí màá ṣe dìde. Mo wà níbẹ̀, mò ń wo pátákò rẹ̀, títí mo fi mọ ọwọ́ wọn léjìká mi: ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì.