Adìẹ Ń Làágùn

Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó mọ̀ mí ní Hillcrest Heights, ní Amẹ́ríkà níbí, yóò sọ fún yín pé kò sí ọmọ Yorùbá tó mọ̀ nípa adìẹ tó mi ní gbogbo agbègbè yẹn. Àwọn tí wọn ò fẹ́ràn mi pàápàá kì í jiyàn rẹ̀. Kíláàsì kẹta ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀. Lẹ́tà tó bá wọlé wa, ìyàwó mi ló ń kà á. Fọ́ọ̀mù tó bá yẹ kí n kọ, òun ló ń kọ ọ́, èmi á kàn fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n tó bá di ti adìẹ, èmi ni tíṣà. Ìyá mi sin adìẹ títí tó fi kú, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ.

Nígbà náà, a ṣì máa ń họ káàdì kí a tó lè fi fóònù pe ilé. Igi ti ń wọ́wé nígbà tí abo adìẹ dúdú kan sàba lẹ́yìnkùlé wa. Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì.

"Dádì, ẹ kó ẹyin yẹn kúrò lábẹ́ rẹ̀. Òtútù ń bọ̀."

"Ṣé adìẹ ń wo kàlẹ́ńdà ni?"

"Adìẹ kì í wò ó. Ẹ̀yin tí ẹ lè wò ó ńkọ́?"

Mo fi í rẹ́rìn-ín. Ẹyin mẹ́sàn-án ló wà lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kọkànlélógún, ọmọ méje yọ. Mo gbé ọ̀kan sí àtẹ́lẹwọ́, mo gbé e lọ bá a níbi tó ti ń gé ẹ̀fọ́.

"Wò ó. Ta ni tíṣà?"

Ó fi ìka kan pa á lórí. "Bí òtútù bá fi pa àwọn ọmọ yìí, ẹ ò ní sin adìẹ mọ́ nílé yìí. Èmi ò lè máa bá yín sin òkú wọn."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Bí ó bá gba adìẹ lọ́wọ́ mi, kí ló kù tí mo mọ̀ nínú ilé yẹn tí òun ò mọ̀?

Mo bá fi ọ̀rá bo ilé adìẹ wa yíká. Mo fi àkísà dí gbogbo ihò, mo sì tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì àtijọ́ lé òrùlé. Bàbá àgbàlagbà kan wà ní ilé kejì, Amẹ́ríkà dúdú tí wọ́n tọ́ lóko. Ó yọrí lókè fẹ́ǹsì, ó ní kí n dá ihò sí òkè, pé ọ̀rinrin ló ń pa adìẹ ju òtútù lọ. Mo ní ó dáa, bàbá. Mi ò dá ihò kankan sí i.

Yìnyín bọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, mo ṣílẹ̀kùn, òórùn ìgbẹ́ wọn ta mí lójú bí ata. Omi ń ṣàn lára ọ̀rá, nínú lọ́hùn-ún. Òtútù ti jẹ ṣóńṣó ogbe orí àkùkọ wa, ó ti dúdú. Ọmọ kan ti gan. Mẹ́fà yòókù há sábẹ́ ìyá wọn, ara wọn tutù rinrin.

Ìyàwó mi sáré dé. Ó tú gèlè orí rẹ̀, ó fi kó àwọn ọmọ náà, ó kó wọn sínú páálí lẹ́gbẹ̀ẹ́ hítà. Nígbà tó padà wá, mo ṣì ń bú òtútù ilẹ̀ yìí. Ó fi ìka gbá omi lára ọ̀rá, ó nà án sí mi.

"Níbo ni èyí ti wá? Ṣé òjò rọ̀ nínú ibí ni?"

Mo fọwọ́ kan ọ̀rá náà, omi bo ìka mi.

"Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ máa ń pa á lówe, pé adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni ò jẹ́ ká mọ̀? Òógùn wọn rèé, Dádì. Èémí ni wọ́n fi ń làágùn. Ẹ wá ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn."

Ó wò mí bí ẹni pé kì í ṣe ti adìẹ nìkan ló ń sọ.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń pa òwe yẹn. Ara mi ni mo fi ń pa á, bí mo bá ti ibi iṣẹ́ ẹrù tí mo ń gbé ní Largo dé, tí ìyàwó mi bá ní ṣé kò rẹ̀ mí, tí mo fẹjú bí ẹni tó sùn dáadáa. Mi ò rò ó rí pé ẹnì kan ti ní láti jókòó ti adìẹ gidi kó tó lè pa irú òwe bẹ́ẹ̀.

Mo gbé ayùn. Mo gé ihò gbọọrọ sábẹ́ òrùlé. Bàbá ilé kejì tún yọrí. Ó kàn na wáyà alásẹ́ kan sí mi lókè fẹ́ǹsì kí ẹranko má baà gba ibẹ̀ wọlé.

Láti ọjọ́ yẹn títí òtútù fi lọ, omi gbígbóná ni mo ń gbé jáde láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, nítorí omi wọn ń dì. Mo ń fi òrí pa ogbe àkùkọ.

"Òrí tí mo fi ń para nìyẹn!" ni ìyàwó mi wí.

"Òrí ni. Orí ló wà fún."

Ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yè é. Nígbà tí ilẹ̀ móoru, ọ̀rẹ́ mi kan láti mọ́ṣáláṣí wá wò wọ́n. Ó tọ́ka sí ihò náà.

"Ọ̀gá adìẹ, ta ló kọ́ yín nírú èyí?"

"Èmi ni mo gé e," ni mo wí.

Fèrèsé kíṣìnnì wà ní ṣíṣí. Ìyàwó mi ń fọ abọ́ níbẹ̀. Mo gbọ́ tí abọ́ dákẹ́.

"Ṣùgbọ́n ìyàwó mi ló fi ohun tó ń pa wọ́n hàn mí."

Abọ́ tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún.