Ìbéèrè Tí Mo Bi Ràfíátù Lẹ́nu Ilẹ̀kùn

Ọjọ́ Ajé tó kọjá ni Báyọ̀, ìríjú ìjọ wa, fi ìdí agboòrùn rẹ̀ kan ilẹ̀kùn mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta: kò, kò, kò. Ife tíì bọ́ lọ́wọ́ mi. Gbogbo ará Ìsàlẹ̀ Èkó tó mọ̀ mí ló mọ̀ pé ojú fèrèsé ni wọ́n ti ń pè mí. Wọ́n ní ìwà arúgbó ni. Kì í ṣe ìwà arúgbó. Láti kékeré ni n kò ti fẹ́ kí wọ́n kan ilẹ̀kùn sí mi létí.

"Mama, ẹ má bínú o," ni Báyọ̀ wí. "Ẹ̀yin ló kàn lọ́dún yìí. Mama Adùkẹ́ tó ń béèrè ti lọ sinmi, kò sì sí obìnrin tó dàgbà jù yín lọ mọ́ nínú ìjọ."

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń fi fóònù ka Bíbélì lè má mọ ohun tó ń sọ, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Olówógbowó, ní Ọjọ́bọ̀ Ìgòkè-re-ọ̀run, ìta ni gbogbo ìjọ kọ́kọ́ máa ń dúró sí. Àlùfáà á fi ọ̀pá gbá ilẹ̀kùn ńlá lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á ní kí ilẹ̀kùn náà gbé orí sókè kí Ọba ògo lè wọlé, bí Sáàmù ti wí. Ìyá àgbà kan ṣoṣo ló máa ń wà nínú. Òun ló máa béèrè pé, "Ta ni Ọba ògo yìí?" Àwọn tó wà níta á dáhùn pé Olúwa ni, alágbára, akọni ojú ogun. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó gbọ́dọ̀ béèrè, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gbọ́dọ̀ dáhùn, kó tó gbé igi ìdábùú kúrò.

Bàbá mi, káfíńtà ará Iléṣà, ló kan ilẹ̀kùn náà. Igi ìrókò ni. Ó máa ń sọ fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ pé Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ń gba abẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ òun kọjá lọ́dọọdún. Ìyá mi á ní, "Ó dáa. Tó bá tún ń kọjá, sọ fún un pé ilé ìdáná tiwa ò tíì ní ilẹ̀kùn."

Àwa ọmọdé sọ ọ́ di eré. Lẹ́nu ọ̀nà agboolé wa, ẹni kan á wà nínú, ẹni kan á wà níta, ẹni tí kò bá sì dáhùn pé pérépéré kò ní wọlé. Délé ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe é, Fẹlisíà láti Pópó Àgùdà ń ṣe é, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ṣe tó Ràfíátù, ọ̀rẹ́ mi, ọmọ Ìyá Sikírù tí ilé wọn wà ní ìpẹ̀kun òpópó wa, lápá ibi tí omi ń gbà wọlé. Ọmọ ilé kéwú ni. Nígbà tí àwọn kan lọ fẹjọ́ sun ìyá rẹ̀ àgbà pé ọmọ Mùsùlùmí ń ka Sáàmù, ìyá náà jẹ obì rẹ̀ tán kó tó fèsì. "Ọba Ọlọ́run kan náà ni wọ́n ń bi ara wọn léèrè. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa dáhùn."

Ràfíátù ní ikọ́ fée. Bí ọyẹ́ bá dé tàbí bí òjò bá pa á, àyà rẹ̀ á máa súfèé bí ìgò òfìfo tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí. Kò jẹ́ kó dí òun lọ́wọ́. Ẹnu rẹ̀ mú ju ti gbogbo wa lọ.

Lọ́jọ́ kan, ó dá mi dúró síta nínú oòrùn. Mo fi akọni ṣáájú alágbára. Ó ní kò gbà, kí n tún un sọ. Mo tún un sọ, mo tún ṣì í. Ó ń wò mí láti ojú ihò kọ́kọ́rọ́. "Ọmọ káfíńtà tí kò lè wọ ilẹ̀kùn!" Fẹlisíà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Mo sunkún wọlé, mo sì sọ lọ́kàn mi pé ọ̀la ń bọ̀.

Ọ̀la dé pẹ̀lú òjò. Òjò oṣù kẹfà, ẹ mọ̀ ọ́n. Omi ti dé orúnkún ní òpópó wa. Èmi nìkan ni mo wà nílé, màmá mi wà lọ́jà. Kò, kò, kò. Ràfíátù ni, ó ń ti ilé kéwú bọ̀. Ilé tiwọn ti jìnnà nínú omi, tiwa ló sì máa ń kọ́kọ́ yà sí.

"Ṣílẹ̀kùn, jọ̀ọ́."

"Ta ni Ọba ògo yìí?"

"Jọ̀ọ́ o… Olú…" Ikọ́ gbà á lẹ́nu rẹ̀.

"N ò gbọ́! Ta ni?"

Kò dáhùn mọ́. Mo rò pé ó ń fara pamọ́ kó lè dẹ́rù bà mí ni. Mo dì mọ́ igi ìdábùú, mo ń rẹ́rìn-ín. Mo tún béèrè. Ìró òjò nìkan ni mo gbọ́. Nígbà tí mo ṣí i níkẹyìn, sínú ilé ló ṣubú sí, nítorí ó ti jókòó fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. Ètè rẹ̀ dà bí eérú. Ó di wàláà rẹ̀ mọ́ àyà, òjò sì ti fọ gbogbo ohun tó kọ sí i lọ. Ó ń wò mí. Ó kú lọ́jọ́ kẹta, wọ́n sì sin ín lọ́jọ́ náà.

Tíṣà Olúwọlé ti kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi pé ohùn Olúwa ń ya igi kédárì, pé ó gúnwà lórí ìkún omi bí ọba. Kò parọ́. Omi kún lọ́jọ́ náà, Olúwa sì gúnwà lórí rẹ̀. Ó jókòó síbẹ̀. Kò dìde.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, Ìyá Sikírù gbé sàárà wá sílé wa. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí lójú gbogbo èèyàn. "Ọmọ yìí ló ṣílẹ̀kùn fún ọmọ mi. Ọlọ́run á máa ṣílẹ̀kùn fún un."

Mo ṣe àmín. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Ilẹ̀kùn sì ṣí fún mi lóòótọ́: ìwé kẹrin péré ni mo kà, síbẹ̀ mo ní ìsọ̀, mo ní ọkọ rere, mo bímọ. Kò sí èyí tí mo gbà nínú wọn tí kò korò lẹ́nu mi. Mo ní màá jẹ́wọ́ fún Ìyá Sikírù, ó kú. Mo ní màá sọ fún Délé, òun náà kú. Ọkọ mi Gébúrẹ́lì lọ lọ́dún tó kọjá, kò gbọ́ ọ rí.

Kí ni mo fẹ́ sọ fún Báyọ̀? Mo ní màá wá.

Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́bọ̀ náà. Wọ́n tì mí mọ́ inú ṣọ́ọ̀ṣì lémi nìkan, ilẹ̀kùn bàbá mi sì ń rùn bí ìrókò ṣe máa ń rùn tí omi bá kàn án. Kò, kò, kò. Àlùfáà ké sí ilẹ̀kùn. Mo la ẹnu. Nígbà náà ni ọmọ kan wúkọ́ níta.

Mo gbé igi ìdábùú. N ò mọ ibi tí mo ti rí agbára rẹ̀. Àlùfáà ṣì gbé ọ̀pá sókè, omi ń kán ní imú rẹ̀.

"Mama, ẹ ò tíì béèrè o!" ni Báyọ̀ wí.

"Àwọn ọmọ wà nínú òjò. Ẹ wọlé."

Wọ́n ń wo ara wọn. Mo gbọ́ Fúnkẹ́, aṣáájú ẹgbẹ́ akọrin, tó ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Mama ti gbàgbé ni." Gbàgbé! Èmi tí n kò gbàgbé ohun kan rí.

Wọ́n ti wó agboolé wa báyìí, wọ́n kọ́ pálásà síbẹ̀, báàgì ni wọ́n ń tà níbẹ̀, ilẹ̀kùn irin ni wọ́n ń fà wálẹ̀ nírọ̀lẹ́. Wọ́n da iyanrìn sí òpópó kó lè ga, omi ṣì ń wọ̀ ọ́. Ilẹ̀kùn bàbá mi ṣì wà. Mo ṣí i lọ́dún yìí láìbéèrè, ṣùgbọ́n kì í ṣe ilẹ̀kùn yìí ni mo jẹ Ràfíátù ní gbèsè.

Ìbéèrè náà ṣì kù sí mi lẹ́nu, kì í sì í ṣe àwọn tó wà nínú òjò ni mo fẹ́ bi léèrè mọ́. Ta ni Ọba alágbára yìí, tí agbára rẹ̀ kò ká ilẹ̀kùn tí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án dì mú? Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìlànà wí pé ká béèrè. Mo ti béèrè ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ.