Ọ̀já Irin fún Sílíńdà Gáàsì Ìyá Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń rán mi wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ mú nọ́ọ̀tì tó bọ́, àwa kì í lo ọlidé nílé. Bí wọ́n bá ti ti ilé ìwé báyìí, oko yá, lọ́nà Alájùé, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí a tó padà sí Ẹdẹ. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi yóò rántí irú oko bẹ́ẹ̀: àgbàdo tútù tí a sun, tí a fi àgbọn jẹ, iṣu tí a ń wà tí erùpẹ̀ ń há sínú èékánná, omi odò tó máa ń tutù dénú egungun. Ilẹ̀ gbígbá àti omi pípọn ni tèmi. Lílé ẹyẹ lórí ìrẹsì ni ti àbúrò mi, Ràṣídì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nígbà púpọ̀ ẹyẹ ló máa ń lé e.

Ohun kan ṣoṣo ló ń ba adùn oko yìí jẹ́: ìyá wa kì í bá wa lọ. Ikọ́ fée ń ṣe wọ́n. Bí èéfín igi ìdáná díẹ̀ bá ti kàn wọ́n nímú, àyà wọn á máa súfèé, wọ́n á di ògiri mú. Abà tí a ń sùn sí lóko náà, èéfín ti sọ gbogbo ògiri rẹ̀ di dúdú. Nítorí náà, Ẹdẹ ni wọ́n máa ń dúró sí, bàbá mi ni wọ́n sì ń se oúnjẹ fún wa. Kí Ọlọ́run forí jì mí, torí wọ́n ti di olóògbé, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ bàbá mi kò dára rárá. Ní ìrọ̀lẹ́, Ràṣídì á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á kọjú sí ọ̀nà ìlú, á máa sunkún. Èmi ẹ̀gbọ́n á sọ fún un pé ó tó gẹ́ẹ́, lẹ́yìn náà èmi náà á yí sẹ́yìn abà lọ sun tèmi.

Wẹ́dà ni bàbá mi. Ní ọdún kan, wọ́n rí ìdí ọkọ̀ àlòkù kan rà, táyà rẹ̀ méjèèjì ṣì wà lára rẹ̀. Wọ́n jó irin lé e lórí, wọ́n fi pákó àti páànù kọ́ yàrá kékeré sórí irin náà, wọ́n ṣe fèrèsé méjì sí i, wọ́n sì yọ ọ̀pá gígùn kan síwájú tí píkọ́ọ̀pù wọn lè fi wọ́ ọ. Àwọn ará agboolé wa sọ ọ́ ní Ilé Ẹlẹ́sẹ̀. Àwọn kan tiẹ̀ ń bi bàbá mi bóyá Mẹ́kà ni wọ́n fẹ́ gbé e lọ. Iṣẹ́ wọn ni bàbá mi ń bá lọ. Ohun tí wọ́n ń wá kò ju pé kí ìyá wa ní yàrá tí èéfín kò wọ̀ rí, kí wọ́n sì máa fi gáàsì dáná lóko.

Gáàsì yìí gan-an ló wá di wàhálà, torí ẹ̀rù rẹ̀ ń ba ìyá mi.

“Ilé tó ń rìn, tí gáàsì tún ń bá a rìn?” ni wọ́n wí. “Bàbá Sìdí, bí ẹ ò bá dè é kó le dáadáa, mi ò ní bá yín lọ o.”

Lójú wẹ́dà, kò sí ohun tí iná kò lè so pọ̀. Bàbá mi gbé sílíńdà náà lé ọ̀pá iwájú Ilé Ẹlẹ́sẹ̀, wọ́n fi gíláàsì dúdú bojú, ó ku kí wọ́n jó ìdí rẹ̀ mọ́ irin. Àlàájà tó ń ta gáàsì lódìkejì ọ̀nà ló tajú kán rí wọn. Àlàájà sanra gan-an, mi ò rí wọn kí wọ́n sáré rí, àmọ́ lọ́jọ́ yẹn wọ́n sáré.

“Súbùhánálláhì! Bàbá Sìdí, ẹ sọ iná yẹn sílẹ̀! Ṣé ẹ fẹ́ pa gbogbo wa ni? Ta ló ń jó sílíńdà?”

Nígbà tí wọ́n mí délẹ̀, wọ́n ṣàlàyé. Wọ́n ní ìta ni kó wà, kò gbọdọ̀ wọ inú yàrá tí èèyàn ń sùn, torí bí gáàsì bá jò, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló máa ń gbára jọ sí. Wọ́n ní lóòró ni kó dúró, kò gbọdọ̀ dùbúlẹ̀. Kí bàbá mi wá ohun tí yóò mú un nídìí, àti ohun tí yóò gbá a mú lára, tó sì ṣeé tú nígbà tí gáàsì bá tán.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni bàbá mi fi ṣe é. Wọ́n ká irin bí òṣùká, wọ́n jó òṣùká náà mọ́ ọ̀pá iwájú, ìdí sílíńdà sì wọ inú rẹ̀ géé. Wọ́n wá tẹ irin pẹlẹbẹ méjì tó lè yí i ká, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè. Wọ́n tẹ́ rọ́bà tíúbù àtijọ́ sínú méjèèjì kó má baà yọ̀, wọ́n sì lu ihò bóòtù sí i. Nígbà tí wọ́n parí, inú wọn dùn, wọ́n ní ọ̀já rẹ̀ nìyẹn, wọ́n ti pọ̀n ọ́n. Ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ti sọ ọ́ níṣojú àwọn oníbàárà. Èmi wà ní ilé kéwú lásìkò náà, n kò gbọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ lọ, bàbá mi gbé sílíńdà sínú òṣùká rẹ̀, wọ́n sì wọ abẹ́ píkọ́ọ̀pù lọ so Ilé Ẹlẹ́sẹ̀ mọ́ ọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ké sí mi.

“Sìdí! Fi ọ̀já gbá gáàsì yẹn mú, kó le o!”

Mo mọ sípánà lò, wọ́n sì fọkàn tán mi. Àwọn irin pẹlẹbẹ náà wà nílẹ̀ níwájú mi, ṣùgbọ́n mo rò pé ẹrù oko ni wọ́n, mo kó wọn sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù. Mo sáré wọlé, mo mú ọ̀já tí ìyá mi fi pọ̀n Ràṣídì, mo yí i po sílíńdà lẹ́ẹ̀mẹta, mo ta á ní kókó, mo tún fi eyín fà á.

“Ó le?”

“Ó le, Bàbá!”

Mo tiẹ̀ ń retí kí wọ́n yìn mí.

Ìyá mi jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá mi, èmi àti Ràṣídì wà lẹ́yìn, a kọjú sí Ilé Ẹlẹ́sẹ̀. Ayọ̀ wa kọjá sísọ. Nígbà tí a kúrò lórí ọ̀dà, sílíńdà bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí bí ẹni tó ń tòògbé níbi wáàsí. Mo ń wò ó, mò ń rẹ́rìn-ín. Ni ọkọ̀ bá já sí kòtò kan, sílíńdà fò jáde nínú òṣùká, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sórí ọ̀pá, rọ́bà tó ń gbé gáàsì lọ sí sítóòfù já kúrò lórí rẹ̀, ó ń dún ṣìììì. Òórùn náà gba afẹ́fẹ́ kan. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi lu òrùlé ọkọ̀.

Bàbá mi dúró, wọ́n pa ọkọ̀, wọ́n ní kí gbogbo wa sá lọ sí apá ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá. Àwọn nìkan ló padà síbẹ̀ lọ ti ẹnu sílíńdà. Ìyá mi di igi kan mú, àyà wọn ń súfèé. Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó lè rìn débẹ̀, kí wọ́n sì rí ohun tó wà lára sílíńdà.

“Ta ló gbé ọ̀já mi síbí?”

Mo ti kúnlẹ̀. Mo ní, “Bàbá ló ní kí n fi ọ̀já gbá a mú, Màámi.”

Bàbá mi wò mí, wọ́n wo irin tó wà lẹ́yìn ọkọ̀. Mo ti gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ sílẹ̀ de ìfọ́tí. Àmọ́ wọ́n ní, “Dìde. Èmi ni mo ń pe irin ní ọ̀já, tí mi ò ṣàlàyé fún ọ. Èmi náà ni mi ò sì wò ó kí n tó gbéra.”

“Ẹ dá mi padà sílé,” ni ìyá mi wí.

Ràṣídì bú sẹ́kún. Títí di òní, mi ò rántí ọ̀rọ̀ tó dùn mí tó ìyẹn. Bàbá mi ò bẹ̀bẹ̀. Wọ́n gbé sílíńdà padà sínú òṣùká, wọ́n fi irin méjèèjì gbá a mú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún nọ́ọ̀tì, ìyá mi sì ń wò wọ́n.

“Ẹ gbé sípánà yẹn fún mi.”

Ìyá mi fún nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan fúnra wọn títí kò fi lọ mọ́. Wọ́n wá di sílíńdà mú, wọ́n mì í tagbáratagbára. Gbogbo Ilé Ẹlẹ́sẹ̀ ló mì jìgìjìgì, sílíńdà kò kúrò lójú kan. Wọ́n nu ọwọ́, wọ́n wọkọ̀.

“Ẹ jẹ́ ká máa lọ.”

Ìyà tí wọ́n fi jẹ mí ni pé kí n máa yẹ nọ́ọ̀tì wò láràárọ̀ kí n tó mu ẹ̀kọ. Ìyà tó dùn jù tí mo jẹ rí nìyẹn, torí ibẹ̀ ni màámi ti ń dín àkàrà. Wọ́n á máa kọrin, àyà wọn á sì dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ọlidé méjì péré la lò bẹ́ẹ̀. Kí ẹ̀kẹta tó dé, ikọ́ náà ti mú màámi lọ. Mò ń ṣàárò wọn títí dòní, àgbà tí mo dà yìí.

Òṣogbo ni mo ń gbé báyìí. Bí gáàsì bá tán, mo kàn máa pe ẹni tó ń tà á, á gbé e wá. Àwọn ọmọ mi kì í lọ sóko, ilé ni wọ́n ti ń lo ọlidé, èmi náà sì wà nílé. Kálukú wà ní yàrá rẹ̀. Bí ebi bá ń pa wọ́n, orí fóònù ni wọ́n ti ń bi mí: “Mọ́mì, oúnjẹ ti jinná?” Ilé ìdáná kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí wọn. Nígbà mìíràn mo máa ń mọ̀ọ́mọ̀ má dáhùn, kí ọ̀kan nínú wọn lè dìde wá.