Aró Ìyá Àgbà Lára Àwọn Agbábọ́ọ̀lù Wa

Gbì, gbì, gbì. Bẹ́ẹ̀ ni kùmọ̀ igi ń dún lórí jẹ́sì bọ́ọ̀lù wa ní àgbàlá ìyá mi àgbà ní Kaneshie, nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ ẹ̀yìn ìlú Accra. Ìyá a tẹ́ jẹ́sì sórí ìtì igi, a wọ́n omi ẹ̀kọ díẹ̀ sí i, a sì máa lù ú títí yóò fi máa dán bí ẹ̀yìn ẹja tútù. Òórùn ìkòkò aró gba gbogbo àgbàlá, ó kan díẹ̀, ó sì tutù, bí ewé tó ti pẹ́ nínú omi. Bí mo bá di ojú mi báyìí, mo ṣì máa ń gbọ́ kùmọ̀ yẹn bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn ní ilé kejì.

Ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ni mí nígbà náà, ọ̀dọ̀ ìyá ni mò ń gbé, ẹ̀yìn apá òsì ni mo sì ń gbá nínú ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù wa. Ẹgbẹ́ náà ti gba ife-ẹ̀yẹ rí láyé àwọn tó ṣáájú wa. Wọ́n ní bí wọ́n bá ń kọjá, àwọn ọlọ́jà a gbé igbá kúrò lójú ọ̀nà fún wọn. Láyé tiwa, gbogbo ilé-ìwé ló ń nà wá. Ó le débi pé a kì í pé mọ́kànlá mọ́. Ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù gbá, ẹsẹ̀ á ṣàdédé máa dùn ún bí ọjọ́ eré bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

Òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, gbogbo ènìyàn ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń gbèrò ilé tuntun. Ọ̀gá àgbà ilé-ìwé dìde ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó ní eré ọjọ́ Sátidé ni eré tí òun fi ń dán wa wò kẹ́yìn. Bí kò bá sí àyípadà, òun yóò tú ẹgbẹ́ ká, a ó sì gbin gbágùúdá sí pápá.

"Oúnjẹ ni orílẹ̀-èdè tuntun ń fẹ́," ó wí. "Kò fẹ́ ìtìjú."

Ìdí nìyẹn tí balógun ẹgbẹ́ wa, ọmọ Gáà kan, onílẹ̀ Accra, tó ga bí ọ̀pẹ, fi kó gbogbo jẹ́sì wa sínú àpò wá bá ìyá. Búlúù ni wọ́n tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ìfọ̀ ti sọ wọ́n di àwọ̀ eérú.

"Maame, ṣé wọ́n ṣì lè padà di búlúù?"

Ìyá rẹ́rìn-ín. Ó máa ń sọ Gáà pẹ̀lú ohùn Ọ̀ṣogbo. "Búlúù kẹ̀? Aṣọ ọba ni mo máa sọ wọ́n dà."

Ó rẹ wọ́n sínú aró, ó sá wọn, ó tún rẹ wọ́n. Kò ṣan wọ́n lómi. Ní ìlú tí wọ́n ti bí i, ẹni iyì kì í fọ aṣọ aró tuntun kó tó wọ̀ ọ́ jáde. "Bí aró ò bá ràn mọ́ ọ lọ́rùn," ó máa ń wí, "wọ́n á ní o yá aṣọ náà ni." Èmi náà kò rí àìdáa kankan níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi dàgbà nìyẹn.

Nígbà tí a jáde sí pápá ní Sátidé, àwọn ènìyàn mí kanlẹ̀. A dúdú, a ń dán. Àwọn tí a fẹ́ bá gbá wọ aṣọ funfun báláú. Ṣùgbọ́n oòrùn mú, òógùn dé, aró sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Ọrùn wa di búlúù, etí wa di búlúù. Ẹni tó bá nu ojú, a nu ún di ojú egúngún.

"Alata! Ẹ lọ wẹ̀!" ni àwọn alátìlẹ́yìn wọn ń kígbe, Alata tí wọ́n máa ń pe àwa Yorùbá ní Accra. "Inú ìkòkò lẹ ti wá ni?"

Ẹ̀rín ń pa wọ́n kú lọ. Nígbà tó yá, mo gbọ́ tí agbábọ́ọ̀lù wọn kan ń bẹ balógun wa: "Jọ̀ọ́, má fara kàn mí o! Ìyá mi á pa mí." Balógun wa dúró díẹ̀. Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ dì mọ́ ẹbí, ó sì sáré tọ̀ wọ́n lọ. Wọ́n yà fún un! Wọ́n yà bí omi. Ó gbá bọ́ọ̀lù wọlé, ariwo sì sọ.

Kò tọ́jọ́. Lẹ́yìn ìsinmi, wọ́n gbàgbé aṣọ wọn, wọ́n sì rántí bọ́ọ̀lù. Wọ́n nà wá.

Bí eré ṣe parí, ìyá wọ inú pápá pẹ̀lú korobá omi àti ọṣẹ dúdú. Ẹkún wà lóhùn rẹ̀. "Mo ti ba tiyín jẹ́, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ wá, kí n fọ̀ ọ́ kúrò."

Balógun di ọwọ́ rẹ̀ mú. Omijé ti la ọ̀nà méjì sójú rẹ̀ tó di búlúù. "Maame, ẹ fi sílẹ̀. Wọ́n sá fún wa lónìí. Ta ló sá fún wa rí?"

Ní ọjọ́ Ajé, ọ̀gá àgbà ti kó ọkọ́ jọ sí etí pápá, ó ń dúró dè wá. A lọ bí ẹni ń lọ síbi òkú. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ń dún lẹ́yìn wa. Àwọn tí ẹsẹ̀ máa ń dùn ń bọ̀, àwọn ọmọ kéékèèké kíláàsì ìsàlẹ̀ ń bọ̀, wọ́n sì ti fi búlúù tí wọ́n fi ń fọṣọ kun ọrùn wọn. Wọ́n ní àwọn fẹ́ gbá. Ọ̀gá àgbà wò wọ́n pẹ́. Mo rò pé ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó sì gbé e mì.

"Ẹ kó ọkọ́ padà," ó wí.

A kò gba ife-ẹ̀yẹ títí ìyá fi lọ. Mo lọ sí yunifásítì, mo rìn jìnnà, mo sì padà wá darúgbó sí Accra. Nígbà tí àwa ọmọ ilé-ìwé àtijọ́ bá pàdé, ìbéèrè kan náà ni: ṣé ẹgbẹ́ wa tún lè padà di ńlá? Wọ́n á máa sọ nípa olùkọ́ni, nípa koríko pápá, nípa bàtà. Mo máa ń gbọ́ wọn bí ẹni tó ń tòògbé. Tí wọ́n bá wá kọjú sí mi, ohun kan ṣoṣo ni mo máa ń bi wọ́n: lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé ọjọ́ tí wọ́n nà wá, àwọn ọmọ wo ló wá sí pápá?